Ẹ jẹ́ kí ìdìmú ohun kékeré ṣáájú fínfín nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí ń ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ní Kúbwá, ní Àbújá, ẹ̀ka tí mo sì yàn láàyò nínú iṣẹ́ náà ni fífi ọwọ́ fín orúkọ, àmì àti ọnà sára òrùka, yẹtí, ohun ọrùn àti ẹ̀yìn aago ọwọ́. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà lápá Òkè Ọya níbí ń mọ irin ìfín pọ́n, wọ́n ń mọ ọnà yà sórí bébà débi pé ó ń wuni wò, ṣùgbọ́n bí a bá gbé yẹtí kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ fún wọn, wọn kì í mọ ibi tí wọn yóò ti dì í mú. Mo gbà pé ìdìmú yìí ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́, kí ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fi irin lé e lọ́wọ́. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí, ẹ̀yìn ló ń wá, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló sì ń gba òmìnira láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí mò ń wí ti kéré tó. Ọ̀pọ̀ òrùka ìgbéyàwó obìnrin kò fẹ̀ ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ. Bí tọkọtaya bá fẹ́ kí a fín orúkọ àti ọjọ́ ìgbéyàwó sí inú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò ní ga ju mílímítà 1 lọ, ìlà tí a ó sì fi kọ lẹ́tà náà yóò tín-ín-rín bí irun orí, èyí tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan. Ìyẹn ni pé bí òrùka náà bá yẹ̀ lábẹ́ irin ní ìwọ̀n irun orí kan péré, lẹ́tà náà ti wọ́, kò sì sí ohun tí a lè fi pa á rẹ́ ju pé kí a fá wúrà náà títí a ó fi bá ìsàlẹ̀ ìlà náà. Awò tí ń sọ ohun di ìlọ́po 10 tí a ń fi sójú ń jẹ́ kí a rí ibi tí irin wà, ṣùgbọ́n kò lè dá òrùka dúró fún wa.

Ìdí tí ohun kékeré fi ń yẹ̀ kò le láti lóye. Ẹni tó bá ti dé Bídà, tó sì rí àwọn àwo idẹ ńlá tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń ṣe ọnà sí, yóò mọ̀ pé irú àwo bẹ́ẹ̀ tóbi tó láti jókòó níbi tí a bá gbé e sí. Ẹni tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ náà lè fi itan méjèèjì há igbá rẹ̀, kí ó máa yí i bó ṣe wù ú. Òrùka àti yẹtí kò ní ìwọ̀n tí wọn yóò fi jókòó fúnra wọn, wọn kò sì ní ara tí ìka lè rọ̀ mọ́. Irin ìfín ń tì wọ́n síwájú, ó ń tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀, bí ojú irin kò bá sì wọlé ní déédéé, yóò tún máa fẹ́ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Wúrà rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára tí a fi ń gé e kò kéré rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kò wúwo ju gíráàmù kan tàbí méjì. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n ìdìmú dá lórí ohun kan ṣoṣo: kí a so ohun kékeré náà mọ́ ohun ńlá tó wúwo títí tí àwọn méjèèjì yóò fi di ara kan, kí a sì máa darí èyí tó tóbi.

Bí onígbàjámọ̀ bá ń fá orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, itan ìyá àgbà tí ọmọ náà sùn lé àti àtẹ́lẹwọ́ tó gba orí rẹ̀ dúró ni kì í jẹ́ kí abẹ ṣìṣe. Kò sẹ́ni tó ń fún orí ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ohun tí a fẹ́ fín rí: kí ó ní ibi tí ó sùn lé, kí ó fara lé e yíká, kí ó má sì sí ibi kan tí a ti ń fún un.

Ohun èlò tí àwọn tó rọ́wọ́ mú ń lò fún iṣẹ́ yìí ni fáìsì oníbọ́ọ̀lù, ìyẹn irin tí ń fi eyín méjì há nǹkan mú. Irin rìbìtì tó wúwo ni, ó jókòó sínú òrùka rọ́bà tàbí awọ, kí ó lè dà sí ọ̀nà tí a bá fẹ́, apá òkè rẹ̀ sì ń yí lórí bíárìn láìsí ariwo, láìsí pé ó ń há. Eyín méjì tó wà lókè rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí a ń ki ọ̀pá kéékèèké sí, kí ohun tí kò ṣe gúnrégé lè rí ibi fara tì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa fáìsì yìí ni ohun tó ń kọ́ ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún tó mú irin kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ọwọ́ òsì ló ń yí bọ́ọ̀lù náà wá pàdé irin. Bí ìlà bá yẹ kí ó tẹ̀ bí ìwo àgbò, yíyí iṣẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá lóye èyí yóò máa fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lé ọnà kiri, ibi tí ọrùn ọwọ́ bá sì ti parí ìrìn rẹ̀ ni irin ti ń fò kúrò lójú ìlà.

Fáìsì yìí wọ́n, láti òkè òkun ló sì ń wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé láìsí i iṣẹ́ kò ní ṣe é ṣe. Àwọn tó ń fín bàbà ní Yúróòpù láti ayébáyé, ìrọ̀rí awọ tí a rọ yanrìn sí ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn lé, orí ìrọ̀rí náà ni wọ́n ti ń yí i. Àwa tó wà lápá ibí ni irú ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀ rọrùn fún jù, nítorí awọ ewúrẹ́ Kánò tí ayé ti mọ̀ tipẹ́ kò jìnnà sí wa. Ẹ rán awọ náà ní rìbìtì ní ìlọ́po méjì, ẹ sẹ́ yanrìn odò títí yóò fi kúnná, ẹ yan án kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú rẹ̀ kí ó kún dáadáa láìle bí òkúta. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí káfíńtà kan bá yín gbẹ́ igi ìrókò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìdajì bọ́ọ̀lù, tí òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi yìí yóò jókòó sórí ìrọ̀rí yanrìn, ẹ ó sì lè dà á, kí ẹ yí i, kí ó sì dúró níbi tí ẹ bá fi í sí. Orí ibi pẹrẹsẹ yẹn ni a ó ti lẹ ohun tí a fẹ́ fín mọ́ ọn.

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ lílẹ̀ yìí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bá ohun olóhun jẹ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọmọ iṣẹ́ ni pé kí ó fi fáìsì lásán há òrùka náà, kí ó sì dì í le. Òrùka wúrà tí a bá fún báyìí yóò fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹyin, àmì eyín irin yóò wà lára rẹ̀ síta, bí a bá sì tú u sílẹ̀ tó fẹ́ padà sí bó ti wà, ọnà tí a ti fín sára rẹ̀ yóò fà tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ tó ẹnu fáìsì. Bí a bá gbọ́dọ̀ fi eyín irin mú òrùka, kí a fi awọ tàbí bàbà rírọ̀ bo eyín náà, kí a sì ki igi tó ṣe rẹ́gí sínú òrùka náà kí ó tó bọ́ sẹ́nu fáìsì, kí ó má bàa ní àyè àti tẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ohun tó kéré ju òrùka lọ, ohun tí ń rọ̀, tó sì tún ń le padà, ni a gbọ́dọ̀ lò. Èyí tó ti pẹ́ jù nínú wọn ni ọ̀dà àwọn alágbẹ̀dẹ, tí a fi oje igi, ìyẹ̀fun P.O.P. àti ọ̀rá pò. Oje igi náà ló ń jẹ́ kí ó lẹ̀, ìyẹ̀fun náà ló ń jẹ́ kí ó ní ara tí kò ní máa fà bí oyin, ọ̀rá ló sì ń jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ kí ó má bàa fọ́ lábẹ́ irin. Ojú ọjọ́ ibí ló gbọ́dọ̀ pinnu bí a ó ṣe pò ó. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Àbújá bá mú gan-an, ọ̀dà tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ yóò máa rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, ohun tí a gbé lé e yóò sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí ọyẹ́ bá dé, tí òwúrọ̀ tutù, ọ̀dà kan náà tó dára nígbà ooru yóò gbẹ, yóò sì máa ta sọ́tọ̀ bí a bá fi irin tì í. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní ọ̀dà ooru, yóò sì ní ti ọyẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní èyí lágbègbè wa, ó sì dùn mí, nítorí kò náni ní nǹkan kan ju àkíyèsí lọ.

Ìda tí a ń pè ní ṣẹ́láákì náà dára fún yẹtí àti ohun ọrùn kékeré. Lára kòkòrò kan tí ń gbé orí igi ní ilẹ̀ Íńdíà àti Táílàǹdì ni a ti ń rí i, ó sì ń rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 75 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì (°C). A ó yọ́ díẹ̀ sórí igi wa, a ó fi iná fìtílà sípíríìtì mú ohun tí a fẹ́ fín lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sì gbé e lé e kí ó rì díẹ̀, títí ìda náà yóò fi yọ yíká etí rẹ̀ bí ẹnu àwo. Etí tó yọ yìí ni agbára ìdìmú wà. Bí ohun náà bá kàn jókòó lé ìda lórí pẹrẹsẹ, tí ìda kò gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin yóò gbọ̀n ọ́n kúrò ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tì í. Bí a bá parí, a ó mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ padà kí ó tú, a ó sì fi sípíríìtì tú èyí tó kù lára rẹ̀ dànù.

Ní báyìí, ike kan wà tí ń rọ̀ nínú omi gbígbóná ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 60, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Funfun ni nígbà tó bá tutù; bó bá ti rọ̀ tán, yóò mọ́ gaara bí omi, ìyẹn ni a sì fi ń mọ̀ pé ó ti tó lò. A ó fi ìka tó lómi lára mọ ọ́n yí ohun náà ká, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ gbogbo kòtò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì fi sílẹ̀ títí yóò fi funfun padà. Kò ń rùn, kò ń jóni bí ọ̀dà ṣe ń jóni, bí a bá sì tún un rì sínú omi gbígbóná, yóò rọ̀, a ó sì yọ iṣẹ́ wa láìsí àpá. Ìgbà àìmọye ni a lè lo ẹyọ kan. Kìkì pé kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí oòrùn ọ̀sán Àbújá ń pa.

Súpágúlù ní àyè tirẹ̀, pàápàá fún ohun pẹrẹsẹ bí owó ẹyọ tàbí ewé wúrà tín-ín-rín tí kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ìda lè gùn. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú idẹ tó tẹ́ dáadáa, bí a bá sì parí, a ó rì í sínú asitóònù, ìyẹn omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, títí gúlù náà yóò fi tú. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ kúrò nítorí ìkánjú yóò tẹ ohun náà pọ̀.

Òkúta tó wà lára ohun ọ̀ṣọ́ ni yóò sọ èyí tí a ó lò nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Pálì (pearl), ópààlì (opal) àti áńbà (amber) kò gbọ́dọ̀ rí iná, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú asitóònù. Iyùn náà, tí àwọn ìyàwó wa ń so wúrà mọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò fẹ́ ooru. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ fi igi gbẹ́ ihò tó bá a mu, ẹ tẹ́ awọ sínú ihò náà, kí ẹ sì fi ìdè awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fà á mọ́lẹ̀ láti òsì àti ọ̀tún. Ó ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni iyùn náà lè ti gbà á lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀, àkókò yẹn sì tọ́ sí i.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán ìdìmú wò kí irin tó kàn án, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Kí a fi èékánná ta ohun náà pẹ́ẹ́ ní etí kan, kí a sì tẹ́tí. Bó bá lẹ̀ dáadáa, ìró rẹ̀ yóò kú, yóò dún bí ìgbà tí a ta igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Bó bá ní ibi tó ṣófo lábẹ́, yóò dún ṣẹ́ẹ́rẹ́, èyí sì túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni yóò ti tẹ̀ nígbà tí irin bá dé orí rẹ̀. Ohun ọrùn tí inú rẹ̀ ṣófo ni èyí ṣe pàtàkì fún jù, nítorí pé bí ọ̀dà tàbí ike kò bá kún inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, irin ìfín yóò tẹ ojú rẹ̀ wọnú.

Bí iṣẹ́ ti dúró ṣinṣin tán, ilẹ̀ tí a gbé e lé ńkọ́? Àwa ará Àbújá mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀, a sì mọ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ògiri ń gbọ̀n ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n ẹsẹ̀ tábìlì, bí ẹ bá sì gbé ojú sí awò nígbà náà, ẹ ó rí i pé ẹnu irin ń jó lórí wúrà bí ẹni pé ó ní ẹ̀mí. Tírélà tó bá kọjá lójú ọ̀nà ńlá Kúbwá ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo gbé tábìlì iṣẹ́ kúrò lára ògiri, mo fi búlọ́ọ̀kù tó kún fún yanrìn ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì tẹ́ rọ́bà táyà àlòkù sábẹ́ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Iná tí mo fi ń ríran, láti ara bátìrì tí oòrùn ń gba agbára sí ni. Lẹ́tà tó bá kéré jù lọ, mo ń fi í di ìdájí kí ọjà tó jí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣejù ni. Oníṣẹ́ ọnà kan wà ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Graham Short ni orúkọ rẹ̀, òun ló fín àwòrán òǹkọ̀wé nì, Jane Austen, sára owó pọ́n-ùn 5 oníke mẹ́rin ní ọdún 2016, àwòrán tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Òru ló ń ṣiṣẹ́ kí ọkọ̀ tó ń kọjá má bàa gbọ̀n ilé rẹ̀, ó sì ń fi ohun tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà mọ́ àyà rẹ̀, kí ó lè máa gé wúrà tàbí irin láàárín ìlù ọkàn kan àti òmíràn. Ọmọ ìlú Wolverhampton, tí kò jìnnà sí Birmingham, ni Willard Wigan, ọmọ adúláwọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, tí ń gbẹ́ ère tó ń wọ inú ihò abẹ́rẹ́. Òun náà ń dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá sinmi láàárín ìlù méjì kí ó tó mi ọwọ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá lè ka ìlù ọkàn ara wọn mọ́ ohun tó lè gbọ̀n iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa kò kéré lójú ẹni tó mọ iṣẹ́.

Èyí ló mú mi dé orí ara òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ rí ibi fara lé. Àga gbọ́dọ̀ ga débi tí àyà yóò fi sún mọ́ etí tábìlì láìtẹ ẹ̀yìn. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì sì gbọ́dọ̀ kan ìka ọwọ́ ọ̀tún tó mú irin, tàbí kí méjèèjì fara kan igi kan náà, nítorí pé bí ọwọ́ méjèèjì bá so pọ̀, tí ọ̀kan bá gbọ̀n, èkejì yóò gbọ̀n tẹ̀lé e, irin kò sì ní yà kúrò lójú ìlà. Mímí, kí a mí síta díẹ̀ kí a tó gé, kí a sì dá a dúró títí ìlà kékeré náà yóò fi tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni gbogbo wàhálà yìí jẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ lésà wà ní Wúsè àti Gàríkì, tí yóò kọ orúkọ sára òrùka kí ènìyàn tó mu omi tán. Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, yóò sọ fún yín pé òun náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò di òrùka mú lábẹ́ iná lésà, àti pé bí òrùka náà bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan lẹ́tà yóò jinlẹ̀, apá kejì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ìlà tí a fi ọwọ́ gé ní ojú dídán méjì tó dojú kọ ara wọn bí àfonífojì, ìmọ́lẹ̀ sì ń ta lára rẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti ń mi ọwọ́. Àwọn oníbàárà tó mọ ìyàtọ̀ ṣì wà, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ohun tó ń ba ọkàn mi jẹ́ ni pé àwọn oníbàárà yìí ti ń bẹ̀rù. Kò tíì pẹ́ tí ìyá àgbàlagbà kan gbé òrùka ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé wá fún mi. Ó ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ, kí wọ́n fín orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́ tó ṣe é di òrùka náà mú láàárín ìka rẹ̀ méjì, irin yọ̀, ó fa ìlà gígùn kan kọjá láàárín orúkọ náà, ó sì gún ọ̀dọ́ náà ní àtẹ́lẹwọ́ débi pé wọ́n rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tí ọmọ náà ti gé kí irin tó yọ̀ dára. Mo wò ó lábẹ́ awò, etí rẹ̀ mọ́, ìtẹ̀ rẹ̀ sì bára mu. Ó mọ fínfín. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní bí a ṣe ń di òrùka mú, mi ò sì rí ẹ̀bi rẹ̀ tó bí mo ṣe rí ti àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀gá.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ lójú ewé ìwé ìròyìn yín. Àjọ ITF (Industrial Training Fund) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, àti àjọ NBTE (National Board for Technical Education) tó wà ní Kàdúná, tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kò jìnnà sí wa. Bí wọ́n bá ń ṣètò ohun tí alágbẹ̀dẹ wúrà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n jẹ́ kí ìdìmú ohun kékeré ní máàkì tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti fínfín. Kí wọ́n gbé yẹtí kan, òrùka kan, ohun ọrùn kan tí inú rẹ̀ ṣófo àti ìlẹ̀kẹ̀ kan tí kò gbọ́dọ̀ rí iná síwájú ẹni tó wá ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì ní kí ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igi bó ti yẹ láìfín ohunkóhun rárá. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ni kí wọ́n wá fún ní irin. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi ní Àbújá, Mináà, Kàdúná àti Kánò, a kò nílò láti dúró de ìjọba kí a tó ṣe ìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa. Bàbà pàlàpálá tí a gé láti ara wáyà iná ti tó fún ọmọ iṣẹ́ láti fi kọ́ ọ, kò ní ba wúrà kankan jẹ́.

Ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ bi àwọn òǹkàwé yín, pàápàá àwọn ará Ìlọrin. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, òkúta pupa tí wọ́n ń dán tí wọ́n sì ń lu, sọ Ìlọrin di olókìkí láyé àtijọ́. Òkúta náà le ju wúrà lọ fíìfíì, ìlẹ̀kẹ̀ míì sì kéré gan-an, síbẹ̀ wọ́n ń lu ihò já láti orí kan dé ìkejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dì í mú. Bí baba tàbí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ṣe iṣẹ́ náà, tí ó sì rántí ohun tí wọ́n fi ń há ìlẹ̀kẹ̀ náà, bóyá igi ni, bóyá ìda ni, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí mo fẹ́ dán an wò lórí yẹtí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alágbẹ̀dẹ wúrà kan,
Kúbwá, Àbújá.